Ọdún Mi Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òòfà, àti Kókó Inú Ẹ̀dọ̀fóró Mi

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Bẹyẹrúnkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò àṣejáde máa ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, wọ́n á bi mí pé, "Bàbá Kúdí, irú iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe kẹ́ ẹ tó fẹ̀yìntì?" Bí mo bá ní iṣẹ́ yíya àwòrán inú ara ni, ọ̀kan nínú wọn á ní, "Áà, dókítà ni yín nìyẹn." N kì í ṣe dókítà o. Mo tètè ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà bọ́ ẹ̀wù níwájú mi pé kí n bá òun wo àyà. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ibẹ̀ náà ni mo dúró sí. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n dúró ti ẹ̀rọ, kí n tẹ́ aláìsàn síbi tó yẹ, kí n kọ́ ọ bí yóò ṣe mí, kí n sì rí i pé kò sí irin lára rẹ̀. Òun ni mo fi lo ayé mi, nínú ilé àyẹ̀wò kan ṣoṣo ní ẹsẹ̀ òkè Mápó. Mo gbádùn rẹ̀. Ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Méjèèjì ni mo fẹ́ sọ, kí ẹni tó bá ń ro irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣe é.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Àbúrò ìyá mi mọ ọ̀gá ibẹ̀, ó mú mi lọ, wọ́n sì ní kí n bẹ̀rẹ̀. Owó oṣù kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó máa ń dé. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Akínlàbí ni orúkọ ọ̀gá mi. Ènìyàn kúkúrú ni, ó máa ń so awò ojú rẹ̀ mọ́ okùn, á sì gbé e kọ́ ọrùn. Nígbà tí mo dé, X-ray nìkan la ní, ọwọ́ la sì fi ń fọ fíìmù. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé tí kò ní fèrèsé, gílóòbù pupa kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń rẹ fíìmù sínú omi oògùn tó ń rùn bí omi ògì tó ti kan jù, tí a ó wá fi kọ́ sórí okùn kó gbẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣílẹ̀kùn lójijì, gbogbo fíìmù tó wà nínú omi ti bàjẹ́ nìyẹn, aláìsàn á sì tún padà wá látọ̀nà jíjìn. Lọ́jọ́ kìíní, Ọ̀gá pa gílóòbù pupa náà, ó ní kí n sọ èyí tó jẹ́ omi oògùn àkọ́kọ́ nínú àwọn àwo tó wà nílẹ̀.

"Mi ò rí nǹkan kan, sà."

"Ta ló ní kó o ríran? Fi imú wò ó."

Mo fi imú wò ó, mo fi imú bọ inú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ó lè rẹ́rìn-ín.

Èyí tó le jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ti ojú. Ó máa ń sọ pé bí aláìsàn bá ti dìde lórí tábìlì, ojú ẹni tó ya àwòrán ló máa ń kọ́kọ́ wò. Bí ojú náà bá sọ̀rọ̀, ìdààmú ti wọlé kí dókítà tó ka fíìmù rárá. Nítorí náà, á gbé fíìmù àtijọ́ kan síwájú iná, á pè mí lójijì, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní wo fíìmù. Èmi ni yóò máa wò.

"O ti sọ̀rọ̀."

"Sà, mi ò la ẹnu."

"Ìpéǹpéjú rẹ sọ̀rọ̀. Jáde, kó o tún wọlé."

Mo jáde, mo wọlé, títí ó fi sú mi. Mo wá ń dán an wò nílé níwájú dígí. Ìyá Kúdí, ìyàwó mi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa nígbà yẹn, ó dá abọ́ oúnjẹ dúró lọ́jọ́ kan, ó ní, "Kí ni mo ṣe fún yín tẹ́ ẹ fi ń wò mí bí ògiri?" Mo ní iṣẹ́ ni mo ń kọ́. Ó ní kí n máa kọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń sanwó rẹ̀ fún mi.

Nígbà tó yá, fíìmù kásẹ̀ nílẹ̀. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwòrán, wọ́n sì sọ yàrá òkùnkùn di ibi tí à ń kó ìgbálẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì sí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ra ẹ̀rọ MRI, èyí tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara. Ọkọ̀ àjàgbé tó gbé e wá kò lè yí kọ́nà ní Bẹẹrẹ, ó dí ọ̀nà fún gbogbo ènìyàn. Nígbà tó sì dé ọ̀dọ̀ wa, a ní láti wó ògiri ẹ̀gbẹ́ kan kó tó wọlé. Èrò pé jọ. Ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti Gbági tẹjú mọ́ àpótí náà, ó ní, "Báǹkì ni wọ́n fẹ́ ṣí síbí. Sééfù owó nìyẹn." Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí àwọn ènìyàn fi ń wá bi wá pé ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀ sí í yáni lówó.

Kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà díẹ̀, nítorí ohun tó ń bọ̀. Òòfà ńlá ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe irú àwọn tó lágbára gan-an. Agbára tiwa mọ níwọ̀n. Ó dà bí búrẹ́dì méjì tí wọ́n to léra tí aláìsàn wà láàárín wọn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kì í pariwo púpọ̀, kì í jẹ iná púpọ̀, ẹbí aláìsàn sì lè jókòó tì í. Ṣùgbọ́n irin tó jẹ́ òòfà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Iná mànàmáná kọ́ ló sọ ọ́ di òòfà. Yíya àwòrán nìkan ni iná wà fún. Kí iná wà, kí iná má sí, ó ń fa irin.

Ọ̀gá fi ọ̀dà pupa fa ìlà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Kó tó kọjá ìlà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fa àpò rẹ̀ yọ síta kí gbogbo ayé rí inú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣe é. Iṣẹ́ mi níbi ìlà náà ni mo fẹ́ràn jù, nítorí Ìbàdàn ń gbé nǹkan sára. Mo rántí ìyá àgbàlagbà kan tó tú kọ́kọ́rọ́ láti etí ìró, tó tú owó láti ìdí ìró, tó yọ yẹtí, tó yọ òrùka.

"Màmá, ṣé ó ti tán?"

"Ó ti tán, ọmọ mi."

"Abẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn bùbá yín yìí ńkọ́?"

"Èyí? Èyí kì í ṣe irin. Bùbá mi ló ń dì mú."

Báyìí la ṣe ń bá iṣẹ́ lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín, títí di ọjọ́ Sùlé.

Sùlé ni mẹkáníìkì tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ wa, ọmọ Oníyanrìn, ọ̀rẹ́ mi. Àṣìṣe tó ṣe, n kò rò pé ẹni tí kò lè ṣe é pọ̀ níbí. Níbi tí à ń gbé, bí wọ́n bá ti múná, gbogbo nǹkan ti kú nìyẹn: fáànù kú, fíríìjì kú, ẹ̀rọ ìlọta kú. Ara wa ti mọ́ ọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà wọ́n múná, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò dáhùn. Aláìsàn kankan ò sí nínú yàrá òòfà. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, mo ń nu tábìlì, mo sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ nítorí ooru. Sùlé yọjú pẹ̀lú sípánà ńlá lọ́wọ́, ó fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ibi tí à ń kó díísù sí.

"Sùlé, dúró síbẹ̀! Òòfà!"

"Òòfà wo? Ṣé o ò rí i pé wọ́n ti múná ni?"

Ó wọlé tọ̀ mí wá. Mo rí i tí apá rẹ̀ nà síwájú fúnra rẹ̀, bí apá ẹni tí wọ́n ń fà wọ ọkọ̀. Sípánà já lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, ó sì lẹ̀ mọ́ ojú òòfà gbàgà, pẹ̀lú etí ẹ̀wù iṣẹ́ mi lábẹ́ rẹ̀. Ìrora náà fẹ́ gbé mi ṣubú, ṣùgbọ́n n kò rí ibi ṣubú sí. Ẹ̀wù ti so mí mọ́ ẹ̀rọ.

"Wọ́n ti múná!" Sùlé ń pariwo, ó di orí mú. "Wọ́n ti múná kẹ̀!" Bí ẹni tó ń ro ẹjọ́ fún òòfà.

Ọ̀gá sáré dé. Títí tí n ó fi kú, n kò ní gbàgbé ohun tó ṣe: ó dúró síbi ìlà pupa, ó fa àpò méjèèjì yọ síta, ó yọ aago, ó yọ bẹ́líìtì, lẹ́yìn náà ló tó wọlé sọ́dọ̀ mi, tó ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú.

"Ràsákì, ṣé ò ń mí?"

"Mò ń mí, sà."

"Bọ́ ẹ̀wù yẹn kó o rọra jáde síbí. Rọra."

Mo jáde. Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin mélòó kan fi okùn àti igi fa sípánà náà kúrò, wọ́n ń hó bí ẹni tó ń fa ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀. Bí iná ṣe dé, Ọ̀gá ní kí n dúró síwájú X-ray kó wò ó bóyá egungun ìhà mi dá.

Ó yẹ kí ẹ mọ èyí nípa Ọ̀gá: bí kò bá sí nǹkan nínú àwòrán òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, yẹ̀yẹ́ ló máa ń fi í ṣe. Mo ń retí yẹ̀yẹ́ mi. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ sì dà bí ògiri. Kò sí ohun kan tó mì lójú náà. Èmi tí ó kọ́ ní irú ojú bẹ́ẹ̀ ló ń lò ó fún.

"Ọ̀gá, kí lẹ rí?"

"Egungun rẹ ò dá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ohun tẹ́ ẹ rí ni mo bi yín, sà."

Ó fa àga, ó jókòó. "Kókó kan wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ lápá ọ̀tún. Kì í ṣe sípánà ló fi síbẹ̀."

Wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n ya àwòrán CT, irú X-ray tó ń fi inú ara hàn ní ìpele-ìpele, kókó náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sì lè jẹ́ àpá ikọ́ ife, nítorí ikọ́ ife ti ṣe mí nígbà èwe. Láti fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ níbẹ̀ wò léwu, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá wà nítòsí rẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kí àwọn ní láti la àyà mi.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. Mo ti rí àyà tí wọ́n là nínú àwòrán tó pọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí èémí ara mi bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Bí mo bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé á dákẹ́.

Dókítà tó ń ka àwòrán fún wa nígbà náà, obìnrin ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Dókítà Adéọlá, ló wá bá mi. Ó ti ń gbìyànjú irú àwòrán tuntun kan pẹ̀lú òòfà wa, èyí tó ń wo bí omi ṣe ń rìn nínú ara.

"Omi inú ara yín kì í dúró sójú kan, ẹ̀gbọ́n," ló sọ. "Ó ń rìn káàkiri. Níbi tí jẹjẹrẹ bá wà, ara há mọ́ra bí èrò Ọjà'ba tí Iléyá bá ku ọ̀la. Omi ò ráyè kọjá. Irú ibẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ nínú àwòrán yìí. Àpá àtijọ́ kì í sábà mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo di ọ̀rọ̀ kan mú. "Kì í sábà?"

"Kì í sábà. Mi ò lè tàn yín. Ikọ́ ife tó bá ṣì ń jà lè mọ́lẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tá a fi máa wò ó pọ̀ mọ́ ti CT."

"Ṣé òòfà wa tí kò lágbára yìí ló máa rí i?"

"Àìlágbára rẹ̀ gan-an ló dáa fún un. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró máa ń da àwòrán òòfà alágbára rú. Tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ bá afẹ́fẹ́ jà. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ máa mí bákan náà títí."

Òun àti dókítà oníṣẹ́ abẹ jọ sọ̀rọ̀. Bí kókó bá mọ́lẹ̀, wọ́n á la àyà mi láìpẹ́. Bí kò bá mọ́lẹ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n á máa fi CT ṣọ́ ọ láti ìgbà dé ìgbà.

Ìyẹn ni pé mo ní láti dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó fa sípánà lù mí. Nígbà tí wọ́n tì mí wọlé, ojú mi bọ́ sí ibi tí sípánà náà ti ha á lára. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni mo fi ń bẹ aláìsàn pé kí wọ́n má gbàdúrà sókè nínú ẹ̀rọ, nítorí ètè tó ń mì ń gbọn àyà, àyà tó ń gbọn sì ń ba àwòrán jẹ́. Ọmọ ìjọ Aládùúrà, oníṣẹ̀ṣe, Mùsùlùmí, kò sí ẹni tí kì í fẹ́ ké pe nǹkan níbẹ̀. Ó wá kàn mí. Kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ Bísímílà, n kò sì rí i dá dúró.

Ohùn Dókítà Adéọlá wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń gbọ̀n. Ibi tí kókó wà ti dà bí èéfín."

"Mi ò gbọ̀n."

"Àwòrán ló sọ bẹ́ẹ̀ o."

Ọ̀gá dúró síbi ìlà pupa. "Ẹ wá wo ẹni tó kọ́ gbogbo Ìbàdàn bí wọ́n ṣe ń dùbúlẹ̀!"

A tún un ṣe, ó tún bàjẹ́. Dókítà ní bí ti ẹ̀ẹ̀kẹta bá tún rí bẹ́ẹ̀, a ò ní ohun tá a máa fi han oníṣẹ́ abẹ, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀bẹ ló kù. Ìgbà náà ni Ìyá Kúdí dìde níbi tó jókòó sí lóde. Ó yọ yẹtí, ó yọ ẹ̀gbà ọrùn, ó kó gbogbo rẹ̀ lé Ọ̀gá lọ́wọ́, ó wọlé, ó sì di ẹsẹ̀ mi mú.

"Bàbá Kúdí, ẹ gbé àdúrà yẹn fún mi."

"Báwo ni mo ṣe máa gbé e?"

"Ẹ kàn dákẹ́. Ẹ̀yin lẹ ni àyà, ẹ máa mí. Èmi ni mo ni ẹnu, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀. Mo ti gbà á."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo gbé e mì. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́sẹ̀ mi. Lóde, Sùlé jókòó ti jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tan fún mi. Ó ti búra pé bí jẹnẹrétọ̀ náà bá fẹ́ kú, òun á fi ọwọ́ yí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn: bí ẹni tó jẹun yó tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní lọ́sàn-án. Ẹ̀rọ ń lù kù, kù, kù. N kò mọ bó ti pẹ́ tó. Mo kàn mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi gbóná níbi tí ọwọ́ rẹ̀ wà.

Nígbà tí mo dìde, n kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo ti mọ àṣírí ojú ilé iṣẹ́ yẹn. Dókítà Adéọlá ló pè mí síwájú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

"Ẹ wo okùn iṣan tó gba inú eegun ẹ̀yìn yín kọjá, bó ṣe funfun. Òun ni mo fi ń wọn kókó. Bí kókó bá funfun tó o, ẹ̀rù á bà mí. Ó yá, ẹ wá kókó yín."

Mo wò. Mo sún mọ́ ọn. Mo wò títí. "Mi ò rí i."

"Ibẹ̀ yẹn ló wà, tó ṣókùnkùn bí ohun tó yí i ká. Ohun tá a fẹ́ gan-an nìyẹn, pé kẹ́ ẹ wá a tì."

Ọ̀gá yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún nù ún. Lẹ́yìn náà ló ní, "Egungun rẹ le ju sípánà lọ." Ẹkún bọ́ lójú mi. Yẹ̀yẹ́ mi ti dé.

Oníṣẹ́ abẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fi mí sílẹ̀. Mo ń lọ fún CT bí wọ́n ti ní kí n máa lọ. Ní àárín ìgbà yẹn, Ọ̀gá fẹ̀yìntì. Èmi náà tẹ̀ lé e kí àkókò mi tó pé, nítorí n kò fẹ́ máa wọ yàrá yẹn mọ́ pẹ̀lú ọkàn tó ń fò. Sùlé ṣì wà níbẹ̀. Kì í gbé ṣíbí kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá òòfà báyìí, ká má tíì wá sọ sípánà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń bi mí, iṣẹ́ náà dára. Ẹ̀rọ á máa yí padà, ẹ ó máa kọ́ tuntun títí ẹ ó fi kúrò. Bó bá jẹ́ pé ohun kan náà kì í tètè sú yín, tí ẹ lè fa àpò yọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń wọlé láìbínú, ẹ lọ kọ́ ọ. Bí ó bá tún jẹ́ pé ikọ́ kan ń yọ yín lẹ́nu tí kò lọ, ẹ má jókòó tì í, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. N kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ìyẹn ni mo lè sọ láìbẹ̀rù.

Nígbà tí mo lọ fún CT ìkẹyìn, Ìyá Kúdí bá mi lọ. Dókítà ní kókó náà kò dàgbà rárá, kò yí padà, àpá ni. Ó ní kí a máa lọ sílé, kí n má wá mọ́ àfi bí mo bá fẹ́ kí òun. Ọkọ̀ já wa sí ẹsẹ̀ òkè Mápó. Ìyá Kúdí ń wá ọ̀kadà, mo ní rárá, ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi gùn ún. A gun àtẹ̀gùn òkè náà, mo sáré gun ibi tó kù, nígbà tí mo sì dé òkè, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bò mí, mo di ògiri mú.

Ó sáré bá mi, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Bàbá Kúdí! Ṣé àyà yín ni?"

Mo gba èémí, mo tún gbà á, ó wọlé dáadáa títí dé ìsàlẹ̀.

"Rárá o," mo ní. "Mo ń darúgbó ni."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ìró rẹ̀ tú, kò tún un ró.